Egbòogi Ṣáínà fún Ara Ríro ní Mazamaza

Egbòogi ìbílẹ̀ Ṣáínà fún ara ríro ni àgbo, hóró oògùn, ìpara àti pílásítà tí wọ́n ń lò fún ẹ̀yìn, orúnkún, èjìká tàbí oríkèé tó ti ń ro ènìyàn ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní ilẹ̀ tó ti wá, oníṣègùn ló ń yẹ aláìsàn wò kó tó pò ó. Ní Mazamaza, inú báàgì akiri la ti sábà máa ń bá a.

Ìdíkọ̀ ńlá ni Mazamaza, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin l'Ékòó, lẹ́bàá òpópónà tó lọ sí Àgbádárìgì. Mile 2 kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni Festac Town tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Onitsha, Aba àti Owerri. Awakọ̀ tó jókòó láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, alábàárù tó ń ru páálí ọjà, ìyá olóúnjẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò: kò sí ẹni tí ẹ̀yìn kì í dùn nínú wọn. Akiri oògùn kì í wá oníbàárà tì níbẹ̀.

Ọkọ̀ á ti kún, awakọ̀ ò tíì wọlé, ẹnìkan á dìde láàárín èrò. Á kọ́kọ́ gbàdúrà ìrìn àjò, àmín á dún, lẹ́yìn náà ló máa tú báàgì. "Ta ni orúnkún ń dùn nínú wa? Ta ni kì í lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀?" Agolo pupa pẹlẹbẹ kan, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, á wá máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìpara Ṣáínà nìyẹn, ẹbí Robb tí gbogbo ilé mọ̀. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù, káńfọ̀ àti òróró kànáfùrù ló sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù láyé, Tiger Balm, ọmọ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Aw Chu Kin ló pilẹ̀ rẹ̀ ní Rangoon láàárín ọdún 1870 sí 1880. Àwọn ọmọ rẹ̀, Aw Boon Haw àti Aw Boon Par, ló sọ ọ́ di ọjà àgbáyé. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù ń sọ fún iṣan ara pé òtútù dé, káńfọ̀ ń sọ pé ooru ni, ìrora á sì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò wo oríkèé sàn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó ń jáde nínú báàgì yẹn, òun ni ewu rẹ̀ kéré jù, bí a kò bá ti fi sójú egbò tàbí sí imú ọmọ ọwọ́.

Ohun tí wọ́n ń mu ni ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà, Huangdi Neijing, tó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún, ni wọ́n gbé àwọn àgbo náà kà. Ó sọ pé atẹ́gùn, òtútù àti ọ̀rinrin ló ń wọ ara, tí wọ́n sì ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti agbára. Ìrora tó ń rìn láti oríkèé kan bọ́ sí òmíràn, atẹ́gùn ni. Èyí tó dúró sójú kan tó ń gúnni gan-an, òtútù ni. Èyí tó mú ara wúwo tó sì ń wú, ọ̀rinrin ni. Àgbà Yorùbá tí làkúrègbé ń dà láàmú kò ní bá wọn jiyàn, torí òun náà á ní òtútù ló wọ òun léegun. Ẹni tó bá sì mọ àbàtà Amuwo lásìkò òjò á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé náà.

Àgbo tó gbajúmọ̀ jù fún ìbàdí àti orúnkún àgbàlagbà ni Du Huo Ji Sheng Tang, tó wà nínú ìwé tí Sun Simiao, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, kọ láàárín ọdún 600 sí 700. Oríṣi èròjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló para pọ̀ nínú rẹ̀: egbò, èèpo igi, jinseng, àti àfòmọ́. Àfòmọ́ orí igi mọ́líbẹ́rì ni wọ́n ń fẹ́, bí adáhunṣe tiwa náà ṣe máa ń béèrè orí igi tí wọ́n ti já àfòmọ́ kó tó gbà á. Oníṣègùn á dín èyí, á fi kún tọ̀hún, gẹ́gẹ́ bí ara aláìsàn bá ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń mu ún kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn egbò mìíràn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yanhusuo, tí wọ́n ń fi ọtí kíkan sè, ní èròjà kan tó ń dín ìrora kù tó sì ń kun ènìyàn lóorun. Fuzi, tí wọ́n ń lò fún òtútù, májèlé ni bí kò bá pẹ́ lórí iná dáadáa. Ó lè da lílù ọkàn rú. Lei gong teng ni ìwádìí dúró tì jù fún oríkèé wíwú: ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 fi hàn pé ó ṣe dáadáa ju oògùn òyìnbó tí wọ́n fi wé e lọ, ṣùgbọ́n ó lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó sì lè ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ àgbo yòókù, ìdánwò tó wà kéré, kò sì lágbára tó.

Nítòsí wa, àwọn dókítà Ṣáínà ti wà ní Tógò láti 1974 àti ní Benin láti 1978, ní ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ Ṣáínà fún ẹ̀yìn àti orúnkún. Ohun tó dé Mazamaza kì í ṣe irú ìyẹn. Hóró dúdú inú ike ni, tí lẹ́tà Ṣáínà nìkan wà lára rẹ̀, tí akiri sì ń búra pé alẹ́ ọjọ́ kan ti tó. Ìyára yẹn gan-an ló yẹ kó kọ ènìyàn lóminú. Ní Amẹ́ríkà ní 1975, àwọn dókítà ròyìn àwọn tó lo hóró kan tó ń jẹ́ Chuifong Toukuwan fún oríkèé, tí ẹ̀jẹ̀ funfun inú ara wọn sì run. Oògùn òyìnbó líle ni wọ́n bá nínú ohun tí wọ́n pè ní egbò. Láti ìgbà náà, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n ti bá oògùn òyìnbó bíi dexamethasone àti diclofenac nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Egbò gidi náà lè ṣìnà: ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi egbò mìíràn rọ́pò han fang ji, tí àwọn ará Ṣáínà ń lò fún làkúrègbé, nínú oògùn tí wọ́n fi ń dín ara sísanra kù. Kíndìnrín ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bàjẹ́, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ló ń forúkọ egbòogi sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà ọ̀pọ̀ wọn parí sí lẹ́tà L, gbólóhùn kan sì máa ń wà lára páálí pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní ó ń wòsàn. Nọ́ńbà náà kò sọ pé oògùn ń wo ẹ̀yìn sàn. Èyí tí kò sì ní nọ́ńbà rárá, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹni tí dexamethasone bá wà nínú hóró tó ń lò, oúnjẹ á máa wù ú jẹ, ojú rẹ̀ á wú rùbùtù, àwọn ará àdúgbò á ní ara ti ń tù ú. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lè ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí oògùn náà á ti mú kí ara dẹ́kun ṣíṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Àárẹ̀ líle, èébì àti ìdákú lè tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn ni kó gbé ike náà lọ, kí dókítà lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.