Ewéko Ajẹkòkòrò ní Agbègbè Ọ̀jọ́

Ewéko ajẹkòkòrò ni èyí tó ń mú ẹ̀dá kéékèèké, tó ń pa á, tó sì ń fa èròjà tí ilẹ̀ tàbí omi rẹ̀ kò ní tó láti ara rẹ̀. Olókìkí inú wọn ni Nepenthes, tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ wú di ìkòkò olómi tí kòkòrò ń yọ̀ jìn sí. Kò hù nínú igbó Nàìjíríà. Madagásíkà àti Seychelles ló sún mọ́ wa jù tó ti ń lalẹ̀ hù. Étienne de Flacourt, ará Faransé, ti kọ nípa ti Madagásíkà ní 1658. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Triphyophyllum wà nínú igbó Liberia, Sierra Leone àti Côte d'Ivoire, ìgbà èwe rẹ̀ nìkan ló sì ń jẹ kòkòrò.

Èyí tí ará Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkókómáíkò lè wá kiri ni Utricularia. U. gibba, olódòdó ìyeyè, àti U. inflexa wà ní Nàìjíríà. Omi tí kò níyọ̀, tí kì í ṣàn kíkankíkan, ló fẹ́. Nítorí náà, àbàtà ni kéèyàn gbà lọ lásìkò òjò, kó wò ó láàárín ojú oró àti òṣíbàtà.

Kò ní gbòǹgbò rárá. Àpò wẹ́wẹ́ ló so mọ́ ọn lára, àwọn ni wọ́n sì ń ṣọdẹ. Ewéko náà a máa fa omi inú àpò jáde títí ìhà rẹ̀ á fi jìn wọnú. Bí ẹ̀dá omi kan bá fara kan irun ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn á ṣí, omi á gbá a wọlé, ilẹ̀kùn á sì padé. Gbígbá yẹn kò gbà tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sí ewéko apẹran mìíràn tó yára tó o.

Ẹ bù ú sínú ife gíláàsì, ẹ ó rí i kedere. Àpò tó ṣófo mọ́ gaara; èyí tó ti jẹun máa ń dúdú. Bí ẹ bá gbé e kúrò nínú omi, ẹ lè gbọ́ ta-ta-ta bí àwọn àpò ṣe ń fa afẹ́fẹ́ mu. Àwọn ẹ̀yà tí àpò wọn tóbi a máa jẹ tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti bù ú.

Yanrìn tí a ń dà dí àbàtà láti kọ́lé ń gba ilé rẹ̀. Omi ìdọ̀tí náà kò ran án lọ́wọ́. Water hyacinth, àjòjì ewéko tó gba ojú omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà ní 1984, sì ń bo ojú omi débi pé oòrùn kì í kan ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́.