Archive of Our Own

Archive of Our Own, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AO3, jẹ́ àká orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn iṣẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ ìwé, fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀dá láti inú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn. Ìtàn kíkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ àwòrán àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ wà pẹ̀lú. Organization for Transformative Works, àjọ aláìlérè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, ló ni ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló ń bójú tó o, owó ìtọrẹ ló ń gbé e ró, kò sì gba ìpolówó ọjà kankan. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́ ọ. Ó ti di ibi tí àwọn ènìyàn oríṣiríṣi jẹ́ńdà, àti àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, bí àwọn tó ní ọ́tísímù tàbí ADHD, ti ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn ṣàpèjúwe ara wọn.

Orírun

Àṣà yìí ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1926, Hugo Gernsback dá ìwé ìròyìn Amazing Stories sílẹ̀ ní New York. Ó ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wọn. Lẹ́yìn tí eré Star Trek bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966, àwọn obìnrin ló ṣáájú nínú kíkọ ìtàn nípa rẹ̀. Spockanalia, ìwé tí wọ́n fúnra wọn tẹ̀ jáde ní ọdún 1967, gba orúkọ rẹ̀ lára Spock, ẹ̀dá-ìtàn tí bàbá rẹ̀ wá láti ayé mìíràn, tí kì í sì í fi ìmọ̀lára rẹ̀ hàn.

Ìdásílẹ̀

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ní ọdún 2007 ló fa ìdásílẹ̀ AO3. Èkíní ni FanLib, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi ìtàn àwọn olólùfẹ́ pa owó. Èkejì wáyé ní òpin oṣù Karùn-ún, nígbà tí LiveJournal, níbi tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ń kọ̀wé sí, ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé pa láìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó hàn sí àwọn òǹkọ̀wé pé ẹni tó ni ilẹ̀ lè lé ayálégbé jáde nígbàkígbà. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Naomi Novik dábàá pé kí àwọn olólùfẹ́ kọ́ àká tí yóò jẹ́ tiwọn gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Francesca Coppa àti amòfin Rebecca Tushnet wà lára àwọn tó bá a dá àjọ náà sílẹ̀. Orúkọ àká náà ń tọ́ka sí ìwé tí Virginia Woolf kọ ní ọdún 1929, níbi tó ti sọ pé obìnrin tó bá fẹ́ kọ̀wé nílò owó àti yàrá tirẹ̀.

Ìṣètò àti táàgì

Òǹkọ̀wé ló ń so táàgì mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ń sọ ẹni tó wà nínú ìtàn, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí òǹkàwé ní láti ṣọ́ra fún. Ó lè kọ ọ́ bó ti wù ú. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni á wá so àwọn táàgì tó ní ìtumọ̀ kan náà pọ̀ lábẹ́ ẹyọ kan, kí ẹni tó ń wá a lè rí gbogbo wọn. Síbẹ̀, bí òǹkọ̀wé ṣe kọ tirẹ̀ náà ni yóò ṣe máa hàn lórí iṣẹ́ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àká náà ní ètò láìfi ipá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ńdà

AO3 kì í béèrè bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀. Olùlò lè ní orúkọ ìkọ̀wé mélòó kan, ó lè pààrọ̀ orúkọ, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ kan kí iṣẹ́ náà ṣì wà fún òǹkàwé. Èyí wúlò fún ẹni tó ti fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò bá jẹ́ńdà rẹ̀ mu mọ́. Ìwádìí tí olólùfẹ́ kan ṣe ní ọdún 2013 gba ìdáhùn ènìyàn tó lé ní 10,000. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí kò ka ara wọn sí akọ tàbí abo pọ́ńbélé sì ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá wù ló dáhùn, nítorí náà ìwádìí náà kò lè ṣojú gbogbo olùlò. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, arọ́pò-orúkọ tí òǹkọ̀wé bá yàn fún ẹ̀dá-ìtàn ń fi jẹ́ńdà rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Èdè Yorùbá, tó ń lo “ó” fún tọkùnrin tobìnrin, kò ní ìyàtọ̀ yìí.

Ọ́tísímù àti ìyàtọ̀ ọpọlọ

Ní ọdún 1992, Jim Sinclair àti àwọn mìíràn tó ní ọ́tísímù dá Autism Network International sílẹ̀. Ní ọdún 1994, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo í-meèlì láti fi kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe dókítà àti òbí nìkan ló yẹ kó máa ṣàlàyé ọ́tísímù. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí ìwé ń fún ènìyàn láyè láti ronú kí ó tó dáhùn, kò sì pọn dandan kí ó máa wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn tó ní ọ́tísímù, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Thinking in Pictures ní ọdún 1995 pé òun rí ara òun nínú Spock. Steve Silberman pẹ̀lú, nínú NeuroTribes ní ọdún 2015, so ìtàn ọ́tísímù pọ̀ mọ́ ti Gernsback àti àwọn òǹkàwé rẹ̀. Lórí AO3, òǹkọ̀wé lè fi táàgì sọ pé ẹ̀dá-ìtàn kan ní ọ́tísímù tàbí ADHD, bí iṣẹ́ tó mú un jáde kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a sábà ń kọ̀wé nípa rẹ̀ bí aláìsàn di olórí ẹ̀dá-ìtàn níbẹ̀, tó ń fẹ́ràn, tó ń bínú, tó sì ń ṣàwàdà.

Àmì-ẹ̀yẹ àti àríwísí

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ní Dublin, AO3 gba Àmì-ẹ̀yẹ Hugo, tí wọ́n fi sọrí Gernsback. Novik ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn tó bá lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà dìde dúró.

Ìlànà àká náà ni pé kì í yọ iṣẹ́ kúrò nítorí pé ó bí ènìyàn nínú. Àwọn kan gbóríyìn fún èyí. Àwọn mìíràn sọ pé kò dáàbò bo àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí ìkórìíra ẹ̀yà ń bá jà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn olólùfẹ́ kan ṣe ìpolongo láti béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ àjọ náà. Ní China, AO3 ti di ohun tí a kò lè ṣí láti òpin oṣù Kejì ọdún 2020.