Ẹni Tó Ń Ru Òfò Kò Ní Ìbò: Mùdárábà àti Àkóso Báńkì Aláìgbèlé

Nínú àdéhùn mùdárábà, ẹnì kan á kówó sílẹ̀, ẹnì kejì á fi í ṣòwò. Bí èrè bá wọlé, wọ́n á pín in bí wọ́n ṣe fẹnu kò. Bí òfò bá dé, tí kì í ṣe àfọwọ́fà oníṣòwò, olówó ni yóò ru ú. Làálàá oníṣòwò ló já sí asán. Àdéhùn yìí ni ọ̀pọ̀ báńkì aláìgbèlé fi ń gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú. Síbẹ̀, bí ìpàdé ọdọọdún bá dé, àwọn onípìn-ín báńkì nìkan ló ń dìbò. Oníbàárà tó ń ru òfò kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ Ṣàríà ń ṣọ́ owó náà fún un. Lóòótọ́, ìlànà AAOIFI, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn ilé owó Ìsìláàmù, tó fi Bahrain ṣe ibùjókòó, ní ìgbìmọ̀ náà kò gbọdọ̀ dín ní ẹni mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn onípìn-ín kan náà ló ń yàn wọ́n, àpò báńkì sì ni owó iṣẹ́ wọn ti ń wá. Ohun tí wọ́n sì sábà ń yẹ̀ wò ni ìwé àdéhùn: ṣé ribá (èlé) wà nínú rẹ̀, ṣé ọjà náà jẹ́ hàláàlì?

Ìyẹn kò tó. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ìjọba Tọ́kì gba ìwé àṣẹ Ihlas Finans, ilé owó aláìgbèlé. Owó oníbàárà ti wọ inú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti àwọn tó ni ín. Àdéhùn lè mọ́ kedere, kí amáànà (ìfọkàntán) inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

Nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, Ànábì kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí aráyé rí i. Àyẹ̀wò nìyí: ó wọ inú òkìtì, kò dúró lókè.

Àwọn kan á wí pé fiqh (ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù) kò gba olówó láyè láti máa dá sí iṣẹ́ oníṣòwò. Mo gbà, ṣùgbọ́n kí a mọ ibi tí owó ẹni wà kì í ṣe àtojúbọ̀. Àwọn onímọ̀ fiqh fúnra wọn ń tọ́ka sí al-Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, tó máa ń là á fún oníṣòwò pé kò gbọdọ̀ gbé owó òun gba orí òkun.

Ní Nàìjíríà, láti ọdún 2011 ni ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti ń béèrè ìgbìmọ̀ onímọ̀ lọ́wọ́ irú báńkì bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kí aṣojú oníbàárà mùdárábà jókòó nínú ìgbìmọ̀ ayẹ̀wé-owó-wò, kí ìròyìn ọdọọdún sì máa kọ ọ́ ní gbangba iye owó tó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àwọn olùdarí àti ẹbí wọn.