Okun Ara Àwọn Ọ̀dọ́langba Amẹ́ríkà Láti Ọdún 1953: Ohun Tí Ìdánwò Fi Hàn àti Ohun Tí Kò Fi Hàn

1. Ìfáárà

Kò sí ìran tí àwọn àgbà rẹ̀ kì í sọ pé ara ọ̀dọ́ ìwòyí ti rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ó ṣòro láti rí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn ibi tí ìjọba ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, tí ó sì gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí. Ìdí nìyí tí ìtàn ibẹ̀ fi yẹ fún àgbéyẹ̀wò.

2. Ìdánwò Kraus àti Weber

Hans Kraus àti Sonja Weber ṣe ìdánwò oníṣísẹ̀ mẹ́fà kan. Márùn-ún nínú rẹ̀ wà fún agbára iṣan ikùn, ẹ̀yìn àti ìbàdí. Ẹ̀kẹfà ń wò ó bóyá ọmọ lè tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ láìká orúnkún. Ní 1953 àti 1954, Kraus àti Ruth Hirschland tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Amẹ́ríkà, ìdá 57.9 ni ó kùnà ẹyọ kan, ó kéré tán. Ti àwọn ọmọ Austria, Ítálì àti Switzerland kò ju ìdá 8.7 lọ. Ọkọ̀ àti ìgbé-ayé ìrọ̀rùn ni wọ́n dá lẹ́bi. Nítorí pé Amẹ́ríkà ń bá Sófíẹ́ẹ̀tì figagbága nígbà náà, ìròyìn yìí kó ìpayà bá ìjọba, Ààrẹ Eisenhower sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1956 fún okun ara àwọn ọ̀dọ́.

Ṣùgbọ́n ìlú sí ìlú ni ìdánwò náà fi wéra, kì í ṣe ìgbà sí ìgbà. Kò sí ẹni tí ó ti fi í dán àwọn bàbá àwọn ọmọ náà wò. Nítorí náà, kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé okun ti dín kù.

3. Láti 1958 sí 1975

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ṣe ìdánwò mìíràn jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 1958, wọ́n sì tún un ṣe ní 1965 àti 1975. Eré sísá, fífò, dídìde jókòó láti orí ìdùbúlẹ̀ àti fífa ara sókè lórí irin wà lára rẹ̀. Èsì 1965 sàn ju ti 1958 lọ. Ti 1975 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 1965. Ó lè jẹ́ pé okun pọ̀ sí i. Ó sì lè jẹ́ pé ìdánwò gan-an ni àwọn ọmọ ti kọ́. Láti 1966, àmì-ẹ̀yẹ Ààrẹ wà fún ìdá 15 tí ó ta yọ jù lọ. Ẹni tí ó lágbára tẹ́lẹ̀ ni ó ń gbà á. Ojú ń ti aláìlágbára níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

4. Okun Ìfaradà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Agbára iṣan kọ́ ni ìfaradà nínú eré sísá. Grant Tomkinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì eré àlọ-àbọ̀ oní-mítà 20 jọ láti orílẹ̀-èdè 19, láti 1981 sí 2014. Wọ́n rí i pé ìfaradà àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba fi nǹkan bí ìdá 7.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, àti pé ṣáájú 2000 ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ìsanrajù láàárín àwọn ọlọ́dún 12 sí 19 gòkè láti nǹkan bí ìdá 5 ní 1976–1980 sí ìdá 18 ní 2009–2010. Ẹni tí ẹrù ara rẹ̀ pọ̀ kò lè pẹ́ lórí eré ìje.

5. Ìgúnlẹ̀

Ní 2012, ìjọba Amẹ́ríkà fi ètò tí ń wo ìlera ọmọ kọ̀ọ̀kan rọ́pò ìdánwò Ààrẹ. Ní 2025, Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Ìtàn yìí fi hàn pé ìpayà ọdún 1953 ṣáájú ẹ̀rí, àti pé nígbà tí ẹ̀rí dé, ìfaradà ni ó tọ́ka sí, kì í ṣe títẹ̀ kan ilẹ̀. Ìjọba tí ó bá fẹ́ tún okun ọ̀dọ́ ṣe ní láti kọ́kọ́ mọ okun tí ó sọnù.