Àtúnṣe Ọkọ̀ Fáíbà Àtijọ́ Nínú Àgbàlá Ilé ní Mainland Èkó

Àtúnṣe ọkọ̀ fáíbà ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti dá ọkọ̀ ojú omi tí a fi òwú dígí àti résìnì kàn padà sí ipò tí yóò fi léfòó, tí yóò gba ẹ́ńjìnnì mọ́ra, tí ènìyàn yóò sì lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní Mainland Èkó, ọ̀sà ò jìnnà sílé. Èbúté Mẹ́ta, Mákòókò, Ìwáyà àti Akọkà wà létí rẹ̀ gan-an. Mùṣín àti Sùúrùlérè ò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń fi résìnì lẹ ara mọ́tò fìdí kalẹ̀ sí. Omi wà, ọwọ́ tó mọ fáíbà wà, síbẹ̀ ọkọ̀ fáíbà tó bá ti gbó sábà máa ń di ohun àpatì. Èrò tí àyọkà yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé fáíbà kọ́ ló sábà ń pa ọkọ̀ fáíbà. Igi tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹrà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti inú bọ̀ síta lè jí ọkọ̀ náà dìde nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà, owó rẹ̀ ló ń dà sómi.

Ìtàn àti bí wọ́n ṣe ń kàn án

Ọkọ̀ fáíbà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ dígí yíyọ́ di òwú tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Owens-Corning sílẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 1938. Nígbà tó di 1942, Ray Greene tó ń kan ọkọ̀ ní Toledo, ní Ohio kan náà, ti fi òwú yìí àti résìnì polyester ṣe ọkọ̀ kékeré kan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì le: gbẹ́nàgbẹ́nà ní láti tún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti ní àdàkọ fáíbà kan lè yọ ọkọ̀ rẹpẹtẹ nínú rẹ̀. Wọ́n á fi ìda pa inú àdàkọ náà kí ọkọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá fọ́n gelcoat sí i, ìyẹn awọ dídán tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ó máa tẹ́ òwú dígí lé e nípele-nípele, tí wọ́n ó máa fi résìnì rin ín. Ṣùgbọ́n ìkarahun yìí nìkan rọ̀ jù fún ìgbì omi àti ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń to igi gígùn sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi plywood há ògiri ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ mọ́, kí wọ́n tó fi fáíbà bo gbogbo igi náà pa. Agbára ọkọ̀ wà nínú igi tí a kò rí.

Ohun tó ń pa ọkọ̀ fáíbà

Ibi tí a bo igi pa sí yìí náà ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ihò tí wọ́n lu sára ọkọ̀ láti de ẹ́ńjìnnì, láti de àga tàbí láti kan òrùka okùn mọ́ ọn jẹ́ ọ̀nà tí omi lè gbà wọlé. Omi tó bá wọ abẹ́ fáíbà kì í rí ọ̀nà jáde, oòrùn ò sì lè débẹ̀ láti gbẹ ẹ́. Nígbà tí ọ̀rinrin inú igi bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, olú tó ń jẹ igi lè ríbi jókòó sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, igi ògiri ẹ̀yìn á di ẹ̀tù bíi ti ibi tí ikán jẹ, bẹ́ẹ̀ ìta rẹ̀ á ṣì máa dán. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá wá fi tagbára-tagbára tì í ni àṣírí yóò tú.

Òtítọ́ ni pé fáíbà náà ní àìsàn tirẹ̀. Gelcoat kì í dí omi tán pátápátá. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń pàdé àwọn èròjà tí kò jinná tán nínú résìnì, ohun tí wọ́n jọ bí á sì kóra jọ sábẹ́ awọ, á wú u bí ìléròró. Bí a bá bẹ́ ọ̀kan, omi inú rẹ̀ á máa ta sánsán bí ọtí kíkan. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò sì níyọ̀ púpọ̀ ló ń mú àìsàn yìí yára jù lọ, ọ̀sà Èkó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lásìkò òjò, nígbà tí omi àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ bá ti la iyọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté láti ọdún dé ọdún yóò lé ìléròró ju èyí tí wọ́n ń gbé sórí ilẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìléròró kì í sábà ri ọkọ̀. Wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á fi omi tí kò níyọ̀ fọ ibẹ̀ léraléra, wọ́n á jẹ́ kí ara ọkọ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, wọ́n á wá fi résìnì epoxy bò ó. Igi tó jẹrà ló ń ṣekú pani. A kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àyẹ̀wò àti ìlànà iṣẹ́

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí a bá fi owó onírin tàbí èkù òòlù kan ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibi tó dáa á dún kọ́kọ́, ibi tí fáíbà ti ṣí kúrò lára igi tàbí tí omi wà á dún gbì. Kí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tó bá dún gbì. Lẹ́yìn náà, kí a fi dírììlì lu ihò tín-ín-rín láti inú sí ògiri ẹ̀yìn àti àwọn igi ìsàlẹ̀: lẹ́búlẹ́bú igi tó jáde ní gbígbẹ, tó mọ́lẹ̀, kò ní wàhálà, èyí tó dúdú, tó tutù, tó sì ń rùn, igi rẹ̀ ti lọ. Nígbà náà ni kí a gé fáíbà inú, kí a kó igi jíjẹrà dànù, kí a fi awọ ìta sílẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa sọ ìrísí rẹ̀ nù. Ẹni tó bá lọ ra plywood tuntun gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún marine board tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń da kọnkéré. Awọ dídán tó wà lójú rẹ̀ kì í jẹ́ kí résìnì dì í mú, wọn kò sì ṣe é fún ohun tí yóò máa gbé inú omi. Ihò bóòtù ẹ́ńjìnnì sì níláti fẹ̀ ju bóòtù lọ ní àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi epoxy tó ki dí i pa, kí wọ́n tó tún un lu sáàárín epoxy náà, kí omi má bàa fojú kan igi mọ́ láé.

Fáíbà tuntun kì í yọ́ pọ̀ mọ́ fáíbà àtijọ́. Ó kàn ń dì í mú ni. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ha etí ojú ọgbẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó fẹ̀ tó ìlọ́po 12 bí ara ọkọ̀ ṣe nípọn tó. Ọkọ̀ tó nípọn tó mìlímítà 6 yóò gba ìhayíká mìlímítà 72 yí ihò kan po. Ojú ẹni tó ń lẹ bọ́ńpà mọ́tò lè rí èyí bí àṣejù, ṣùgbọ́n bọ́ńpà kì í ru ìgbì omi. Bákan náà, bódì fílà tí wọ́n fi ń tẹ́jú ara mọ́tò kò yẹ fún ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí pé ẹ̀tù inú rẹ̀ ń mu omi. Ní ti pípo résìnì polyester, gíráàmù 10 sí 20 èròjà tó ń mú un dì ni kílò kan ń gbà. Nínú oòrùn Èkó, ẹ̀gbẹ́ 10 ló yẹ kí a dúró sí, kí a sì máa po ìwọ̀nba tí a lè lò tán kó tó dì. Ẹni tó bá dín in jù kó lè ráyè, résìnì rẹ̀ kò ní jinná láé, ilé tí a bá sì fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ó bá jẹ́ pé kobalt, èròjà tó ń mú kí résìnì tètè dì, wà lọ́tọ̀, inú résìnì ni kí a ti kọ́kọ́ pò ó dáadáa. Bí òun àti èròjà tó ń mú résìnì dì bá pàdé lójúkojú, iná tàbí ìbúgbàù ni yóò yọrí sí.

Àgbàlá ilé àti aládùúgbò

Àtakò kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé Mainland ti há jù fún irú iṣẹ́ yìí. Òórùn résìnì máa ń wọnú, eruku dígí máa ń yún ara, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, résìnì tó ṣẹ́kù nínú ike sì lè gbóná títí yóò fi rú èéfín. Ní ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ní Mùṣín, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àtakò yìí borí: kò yẹ kí wọ́n ṣe é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Mainland kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Sùúrùlérè tí ìjọba kọ́ láti ọdún 1955 síwájú fún àwọn tí wọ́n kó kúrò láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó ní ọ̀pọ̀ ilé tó ní àgbàlá àti géètì. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16 gba inú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti wọn ẹnu géètì kí wọ́n tó gbé e délé. Lábẹ́ tapólì, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, kí olúwarẹ̀ wọ ìbòmú tó dáa àti ìbọ̀wọ́, kí ó máa da omi sí ibi tó ń fọwọ́ ha, kí ó gbá eruku sínú àpò dípò gọ́tà, kí jẹnẹrétọ̀ àti ààrò jìnnà. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí gbàgede létí omi.

Ṣé kò sàn kí a ra tuntun, tàbí kí a kan ti pákó?

Àwọn kan á ní owó tí ẹ́ńjìnnì ń gbà ti pọ̀ tó, kí ni a fẹ́ fi ìkarahun àtijọ́ ṣe? Ìdáhùn ni pé ìkarahun àtijọ́ kò ní ibì kankan láti lọ. Irin tó bá gbó á dé ọjà Òwódé Onírin, pákó tó bá gbó á di igi ìdáná fún àwọn ìyá tó ń yan ẹja, ṣùgbọ́n résìnì tó bá ti dì kò ṣeé yọ́ mọ́. Ibi tí wọ́n bá pa á tì sí ni yóò ti máa rún wẹ́wẹ́. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn rí ègé fáíbà nínú ẹran oyster ní èbúté Chichester, níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá tún ṣe jẹ́ ọ̀kan tí kò ní rún sínú ẹja wa.

Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ pákó tí àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ń kàn ní Mákòókò sàn jù, nítorí pé ó ń léfòó bí omi tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Òótọ́ ni: fáíbà wúwo ju omi lọ, bí omi bá sì kún un, yóò rì. Ìdí nìyí tí fóòmù tí kì í mu omi fi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tí a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ fóòmù àtijọ́ tó ti mu omi yó. Ṣùgbọ́n àtakò yìí tún gbé ohun ńlá kan jáde: ọwọ́ tó mọ igi omi ní Mákòókò gan-an ni inú ọkọ̀ fáíbà ń fẹ́, ọwọ́ tó mọ résìnì ní Mùṣín sì ni ìta rẹ̀ ń fẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì wà ní Mainland kan náà, àárín wọn kò sì jìnnà rárá.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti ẹ̀mí ènìyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ pákó kan tó ń kó àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru dànù ní agbègbè Pátígí ní Kwara, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Ẹrù ènìyàn tó pọ̀ jù, òkùnkùn àti àìwọ aṣọ ìléfòó kì í yàtọ̀ nínú fáíbà. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a tún ṣe nílé kò gbọ́dọ̀ gbé èrò tó ń sanwó láìjẹ́ pé aláṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èkó dá LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi ìpínlẹ̀ náà, sílẹ̀ lọ́dún 2008, NIWA, àjọ ojú omi ti ìjọba àpapọ̀, sì ti wà láti 1997. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé NIWA ló ni àṣẹ lórí àwọn odò tí ọkọ̀ ń gbà. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀tá àtúnṣe. Ẹni tó bá ti ya àwòrán igi inú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó bò ó pa ní ẹ̀rí tí ẹni tó kàn kun ọ̀dà kò ní.

Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ náà kúrò ní ohun àgbọ́sọ. Yaba College of Technology ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ láti ọdún 1947, Yunifásítì Èkó sì wà létí ọ̀sà ní Akọkà láti 1962. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pe kápẹ́ńtà Mákòókò àti oníṣẹ́ fáíbà Mùṣín pọ̀ sídìí ọkọ̀ kan, tí wọ́n sì kọ ìlànà iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Yorùbá àti Ẹ̀gùn, àwọn tó ń fi ọkọ̀ jẹun yóò ní ohun tí wọ́n lè tẹ̀ lé. Ìlànà náà kò gùn: kàn án kí o gbọ́ ohùn rẹ̀, gé ibi tó bàjẹ́, gbẹ ẹ́, to igi tuntun, lẹ fáíbà rẹ̀ dáadáa, fi fóòmù sí i, kí o tó wá kun ọ̀dà.