Èèkù Idà Lọ́wọ́ Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń fi í kìlọ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká ohun tó ń lé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á yẹ òwe náà wò lónìí láti apá kejì. Bí ọwọ́ ọmọ bá wá tẹ èèkù idà ńkọ́? Ta ló fi idà náà lé e lọ́wọ́?

Ìbéèrè kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní Ayétẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 11 ni. Mo lọ kí wọn nílé, mo sì bá a níbi tó ti tẹjú mọ́ fóònù ìyá rẹ̀. Mo rò pé géèmù ló ń ṣe. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ìwé ìtàn aláwòrán ló ń kà. Ọkùnrin kan tó fi idà kọ́ ìbàdí ń ti kẹ̀kẹ́ onígi kan lọ, ọmọ kékeré sì jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó ní, "Dádì Ìbàdàn, kí ló dé tí bàbá yìí kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé kó tó lọ jà?" Mo la ẹnu, n kò rí èsì kankan fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìwé tó ń kà kì í ṣe ìwé tuntun. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1970 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù. Kazuo Koike ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Goseki Kojima ló ya àwòrán rẹ̀. Kozure Ōkami ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Àwọn tó kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n sí Lone Wolf and Cub. Kò parí títí di ọdún 1976, nígbà tí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó di ìdìpọ̀ 28.

Ogami Ittō ni ọkùnrin onídà náà. Òun ni ìjọba fi jẹ oyè ẹni tí ń bẹ́ orí àwọn ìjòyè tí ẹjọ́ ikú bá kàn. Ìdílé Yagyū ń ṣe ojúkòkòrò sí oyè náà. Wọ́n pa ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì purọ́ ọ̀tẹ̀ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ló ti di alárìnkiri, tí ń gba owó wúrà 500 kí ó tó bá ènìyàn pa ọ̀tá rẹ̀. Daigorō, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń tì kiri nínú kẹ̀kẹ́ onígi yẹn.

Kí wọ́n tó jáde nílé, baba gbé ohun méjì kalẹ̀ níwájú ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ: idà kan àti bọ́ọ̀lù kan. Bí ọmọ bá rá lọ síbi bọ́ọ̀lù, baba yóò pa á kí ó lè lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́run. Bí ó bá fọwọ́ kan idà, wọn yóò jọ máa rìn lójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ọmọ fọwọ́ kan idà.

Nínú gbogbo ìwé náà, ibẹ̀ yẹn ló le jù lọ lójú mi. Baba pè é ní yíyàn. Ṣùgbọ́n yíyàn wo ló wà lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ iná yàtọ̀ sí omi? Ohun tó bá ń dán ni ọmọdé ń nawọ́ sí. Àgbàlagbà ló pinnu ohun méjì tí a gbé síwájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà kẹta.

Àwọn méjèèjì tó ṣe ìwé náà kò fi ìtàn ilẹ̀ wọn ṣeré. Ayé tí wọ́n yà ni ayé àwọn samurai lábẹ́ ìjọba Tokugawa, èyí tó wà láti ọdún 1603 títí di 1868. Ogun ńlá ti rọlẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n idà kò kúrò ní ìbàdí àwọn jagunjagun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ẹni tí kò ní olúwa mọ́. Ọdún 1876 ni ìjọba tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè wọ́n pé kí wọ́n má fi idà kọ́ ìbàdí káàkiri ìgboro mọ́. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1877, ni ogun tí a wá mọ̀ sí Kírìjì bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ tiwa, kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Nígbà tí òfin ń gba idà lọ́wọ́ jagunjagun lọ́hùn-ún, ariwo ìbọn ló ń sọ ogun lórúkọ níhìn-ín.

Ọmọ ogun ni èdè wa ń pe jagunjagun. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n là ń pè bẹ́ẹ̀, a kì í sì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun mìíràn wà, èyí tí ogun kàn já gbà kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀, tó sì di ọmọ tọ́ sójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú irú wọn jáde láti ibi tí kò jìnnà sí Ìbàràpá wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun wọ ìlú Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ni ariwo ta. Baba rẹ̀ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí bá ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì tí ọ̀kan jẹ́ ìkókó, àti ìbátan wọn kan sá wọ igbó. Nínú lẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní ọdún 1837, ó ní ohun tó wà lọ́wọ́ òun kò ju ọrun kan àti ọfà márùn-ún inú apó lọ. Ìtàkùn igbó gba ọrun náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ronú àtilò ó. Wọ́n mú wọn, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì so wọ́n mọ́ra bí ewúrẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n bá dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá ọmọ padà. Wọ́n tún un tà, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, tó sì wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ọdún 25 ni kò fi fojú kan ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó pàdé ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ọmọ náà ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, tó sì ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Ẹ padà sínú òwe wa. Ọwọ́ Àjàyí kò tẹ èèkù idà. Kálàmù ló tẹ̀. Lẹ́tà ọdún 1837 yẹn ni ibi tó ti bèèrè ikú tó pa ìlú baba rẹ̀. Kò fi bèèrè ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun pamọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí oyè bíṣọ́ọ̀bù tàn wá jẹ. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí wọ́n so mọ́ okùn kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ló fi lẹ́tà sílẹ̀? Àwọn mìíràn parẹ́ sínú ìtàn, a kò mọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n.

Nígbà tí àwa ń dàgbà, fíìmù onídà kún ilé fídíò fọ́fọ́. Jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn ilé, àwa á tò sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti ṣe fíìmù mẹ́fà láti inú ìwé Koike àti Kojima yìí láàárín ọdún 1972 sí 1974. Ní 1980, àwọn ará Amẹ́ríkà gé méjì nínú wọn pọ̀, wọ́n sì pè é ní Shogun Assassin. Bí a bá jáde níbi fíìmù, igi ẹ̀gẹ́ ló ń di idà wa. Gbogbo wa la fẹ́ ṣe bàbá onídà. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ inú kẹ̀kẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ inú kẹ̀kẹ́ ló sún mọ́ wa jù. Ọdún 1970 tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ogun náà hàn léegun ti ká gbogbo ayé kí ó tó parí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sí àtijọ́. Lóru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán, tí òun àti Ayétẹ̀ jọ wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n sì dáná sun ààfin Aṣígàngán. Àwọn ọmọ tó jí sínú èéfín lóru ọjọ́ náà ti ń bàlágà báyìí.

N kò sọ pé kí á káwọ́ gbera. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ó sì tọ́ kí àwọn ọdẹ, àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn agbófinró máa ṣọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní Ayétẹ̀, mo wo eré tí àwọn ọmọ ń ṣe lójúde. Apá kan ń ṣe agbébọn, apá kejì ń ṣe fijilanté. Igi ẹ̀gẹ́ tó jẹ́ idà fún wa ti di ìbọn fún wọn. Bí a bá ń sọ níṣojú wọn lójoojúmọ́ pé ẹ̀san nìkan ló kù, a jẹ́ pé àwa náà ti gbé idà kalẹ̀, a sì ti fi bọ́ọ̀lù pamọ́. Idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Ilé iṣẹ́ Dark Horse tó tẹ ìdìpọ̀ 28 ìwé Jàpáànù yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà náà ló tẹ Iyanu: Child of Wonder ní ọdún 2021. Ọmọ Nàìjíríà ni Roye Okupe tó kọ ọ́. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan, tó rántí díẹ̀ nípa ibi tó ti wá, ni òun fi ṣe ẹni tí ìtàn dá lé, kì í ṣe jagunjagun tó ń mú un kiri. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú.

Ní òpin ìtàn Ittō, òun àti Yagyū Retsudō, olórí àwọn ọ̀tá rẹ̀, dojú ìjà kọ ara wọn. Ittō kú. Daigorō gbé ọ̀kọ̀ tó ṣẹ́ nílẹ̀, ó sì sáré lọ bá arúgbó náà. Retsudō kò gbèjà ara rẹ̀. Ó la apá méjèèjì, ó jẹ́ kí ọ̀kọ̀ wọlé, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sì pè é ní ọmọ-ọmọ òun. Ọwọ́ ọmọ ti tẹ èèkù, ó ti bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdáhùn náà, òun nìkan ló kù láàyè ní pápá.

Mo ti rí èsì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Bàbá yẹn kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé nítorí pé kò sí ilé mọ́. Ogun ti dé ilé kí baba tó mú ọ̀nà ogun pọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Òṣoògùn, níbi tí oúnjẹ àárọ̀ ti wà lórí iná. Iṣẹ́ àwa àgbà ni pé kí ilé wà, tí òrùlé rẹ̀ pé, tí ọmọ lè jókòó sí kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí ìyẹn bá sì bọ́ lọ́wọ́ wa, kí á sọ bí ó ṣe bọ́ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, bí Àjàyí ti ṣe, kí ó tó lọ wá ìdáhùn lẹ́nu idà.