Ohun Tó ń Mú Fùláwà Wú

Ní 1843, ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apòògùn kan tó ń jẹ́ Alfred Bird po oríṣi lẹ́búlẹ́bú mẹ́ta pọ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀. Elizabeth ni orúkọ ìyàwó náà. Ara rẹ̀ kọ ẹyin, ó sì kọ ìwúkàrà, ohun tí àwọn oníbúrẹ́dì wa ń pè ní yíìsì. Láyé ìgbà náà, ó ṣòro fún ẹni tí kò lè jẹ méjèèjì láti rí búrẹ́dì tó wú tàbí kéèkì jẹ. Ohun tí ọkọ rẹ̀ pò fún un là ń pè ní béékìn páúdà lónìí. Agolo kékeré tó wà nínú ilé ìdáná wa yẹn, ìfẹ́ tọkọtaya ló bí i.

Kí ọ̀rọ̀ Bird tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí nǹkan ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Tipẹ́tipẹ́, ọ̀nà méjì ni fùláwà ń gbà wú. Ọ̀kan ni ìwúkàrà. Orúkọ yìí dára púpọ̀: ohun tó ń wú àkàrà. Inú Bíbélì Yorùbá, tó jáde lódindi ní 1884, ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n, níbi tí wọ́n ti pe búrẹ́dì tí kò ní in ní àkàrà aláìwú. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni ìwúkàrà, tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ ṣúgà inú fùláwà, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà tó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Louis Pasteur, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí fi èyí hàn ní 1857, ṣùgbọ́n àwọn tó ń po búrẹ́dì ti ń lò ó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó dé. Àwọn ará Yúróòpù a máa bu ìfófòó bíà láti ilé apọntí. Ní ìhà tiwa, ẹmu ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìwúkàrà ń gbé inú ẹmu, òun ló ń mú un hó. Níbi tí yíìsì ọjà kò bá sí, ẹmu ni wọ́n ń dà sí fùláwà, wọ́n á sì fi aṣọ bò ó títí yóò fi wú.

Ọ̀nà kejì ni agbára apá. Ẹni tó bá ti po ẹ̀wà àkàrà nínú odó rí mọ̀ ọ́n: bí a ṣe ń pò ó ni atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí àkàrà fúyẹ́ nínú epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣe ń lu ẹyin fún wákàtí kan gbáko. Páùn kéèkì wọn, páùn kan fùláwà, páùn kan bọ́tà, páùn kan ṣúgà, páùn kan ẹyin, kò ní ohun mìíràn tó ń gbé e dìde ju apá ẹni tó lù ú. Ilé tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń jẹ kéèkì déédéé.

Eérú ló kọ́kọ́ dín ìyà yìí kù. Ní Amẹ́ríkà, Amelia Simmons tẹ ìwé ìdáná kan jáde ní 1796, American Cookery, ó sì ní kí wọ́n máa fi ohun tó ń jẹ́ pearlash sí fùláwà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á sun igi, wọ́n á da omi sí eérú rẹ̀, wọ́n á sẹ́ omi náà, wọ́n á sè é gbẹ, wọ́n á sì tún fi iná yan ohun tó ṣẹ́kù títí yóò fi funfun. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń se ọṣẹ dúdú ti rí ìdajì iṣẹ́ yìí rí. Omi eérú tí a ń pò mọ́ àdín láti fi se ọṣẹ ni. Bí pearlash bá pàdé wàrà kíkan nínú fùláwà, á hó, fùláwà á wú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ ó ní àléébù kan tí kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: bí ọ̀rá inú kéèkì bá pọ̀, á máa ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu.

Ìbátan rẹ̀ ni kán-ún tiwa. Láti agbègbè adágún Chad ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Sódà ìdáná wà nínú rẹ̀, òun àti sódà mìíràn tó le jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, tó sì ń mú kí ewédú yọ̀. Ẹ má fi sí kéèkì o, ẹnu yín á kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó kọ́kọ́ ju kán-ún sínú ìkòkò ẹ̀wà tí kò fẹ́ rọ̀, àwárí tó ṣe kò kéré sí ti Bird. Bird kàn ní ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Nígbà tí Bird bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, sódà ìdáná ti wà lọ́wọ́ àwọn apòògùn. Ohun kíkan tí yóò pàdé rẹ̀ náà ti wà, èyí tí wọ́n ń yọ láti inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáìnì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá jọ wà nínú agolo kan, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán tó láti mú wọn kọlu ara wọn, agbára wọn á sì ti tán kí wọ́n tó dé inú fùláwà. Bird fi sítáàṣì gbígbẹ sáàárín wọn. Ó ń fa ọ̀rinrin mu, ó sì ń yà wọ́n nípá, bí àgbà tó jókòó sáàárín ọmọ méjì tó ń bínú síra wọn. Kò parí ìjà náà, ó kàn sún un síwájú títí omi yóò fi dé ni. Lójú tèmi, sítáàṣì yẹn ni ọgbọ́n náà gan-an.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e kíákíá. Ní 1845, Henry Jones ti ìlú Bristol gba ìwé àṣẹ fún fùláwà tó ti ní ohun tó ń mú un wú nínú. Ní 1856, Eben Horsford, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, gba tirẹ̀ fún ohun kíkan tí wọ́n ń fi egungun ẹran ṣe, tí Amẹ́ríkà kò fi ní máa dúró de gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáìnì láti Yúróòpù mọ́.

Ohun mìíràn tí Bird ṣe tún kan ilé wa. Ní 1837, ọdún mẹ́fà ṣáájú béékìn páúdà, ó ti fi sítáàṣì àgbàdo se kọ́sítáàdì fún Elizabeth, torí ẹyin ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àárín ìdílé nìkan ló ti ń lò ó, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé e síwájú àlejò, tí àlejò sì jẹ ẹ́ tán. Kọ́sítáàdì onílẹ́búlẹ́bú yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi mu àkàrà dàgbà láàárọ̀ Sátidé. Ọmọ ìyá ni òun àti ògì: àgbàdo ni àwọn méjèèjì. Ògì ní ìkan tirẹ̀, kọ́sítáàdì ní àwọ̀ ẹyin àti òórùn fànílà.

Ti búrẹ́dì ìgboro yàtọ̀, torí ìwúkàrà ló ń gbé òun dìde. Amos Shackleford, ará Jamaica tó dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣe akọ̀wé rélùwéè, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó láti àwọn ọdún 1920, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni búrẹ́dì Agége gba òkìkí.

Inú ilé ni mo fẹ́ padà sí, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ààrò òyìnbó, síbẹ̀ kéèkì ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún fún Kérésìmesì àti ọjọ́ ìbí. Àwọn ìyá wa da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, wọ́n gbé e kaná, wọ́n sọ agolo kéèkì kalẹ̀ sórí yanrìn náà, wọ́n dé e, wọ́n sì kó ẹyín iná sórí ọmọrí. Yanrìn ń gba ooru, ó ń pín in káàkiri bákan náà, ìsàlẹ̀ kì í jó, ẹyín iná òkè sì ń mú kí ojú kéèkì pọ́n. Ààrò gidi nìyẹn, kò sí ohun mìíràn tí a lè pè é.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé kéèkì onípáúdà kì í dúró: kí iná ti gbóná kí a tó pò ó, torí bí omi bá ti kàn án, afẹ́fẹ́ ti ń sá lọ. Wọ́n mọ bí a ṣe ń dán páúdà tó ti pẹ́ wò: bu ṣíbí kékeré kan sínú omi gbígbóná, bí kò bá hó, dà á nù. Bí sódà nìkan ló bá wà nílé, ọsàn wẹ́wẹ́ á bá a ṣe é.

Bí ìyá rẹ tàbí ìyá àgbà rẹ bá ṣì wà láyé, lọ jókòó tì í nílé ìdáná lọ́sẹ̀ yìí. Bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ ní ti yanrìn, ti ẹmu, ti kán-ún, kí o sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀.